Tí Dókítà Bá Ti Ṣe Tirẹ̀, Ó Ku Ẹgbẹ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn ń kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó wa níbí. Ojú wọn á ṣú, orí á máa fọ́ wọn, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi dákẹ́. Àwọn kan ní òrìṣà Mọlókun ló ń bínú nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó já wọ ojúbọ rẹ̀. Ìgbà tí èsì àyẹ̀wò dé, methanol ni wọ́n bá, májèlé tó wọnú ògógóró tí wọ́n mu. Irú àlàyé tó kọ́kọ́ jáde ní Òde-Ìrèlè yẹn náà la máa ń ṣe nípa ẹni tí ọtí ti di bárakú sí lára. A ó ní ará ilé bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é, tàbí ká ní kò lójútì ni. Ọ̀kan ń rán wa lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe, èkejì ń rán wa lọ sídìí èébú, ọtí náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọtí tó ti pẹ́ lára máa ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà, débi pé ara ò ní mọ bó ṣe máa ṣe tirẹ̀ láìsí i. Ìdí nìyí tó fi léwu kí ọ̀mùtí ògbólógbòó ṣàdédé jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, àwọn mìíràn sì ń kú sí i. Nítorí náà, dókítà ló kọ́kọ́ kàn. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní ìlú Òǹdó. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà ní Àkúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìkẹyìn yẹn dẹ́rù bà yín.

Àmọ́ iṣẹ́ dókítà ní ibi tó ń parí sí. Ó lè fọ ọtí kúrò lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò lè bá ènìyàn dé gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí owó wọlé, níbi tí alápàràgà ti mọ orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni àjọ ìjọba NAFDAC àti àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ti ń fa ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá. Ẹni tó bá ń retí kí òfin kó ọtí kúrò nílẹ̀ á pẹ́ níbi tó jókòó sí. Ẹni tó lè dúró ti ọ̀mùtí ni ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn rí. Ohun tí Bill Wilson àti dókítà Bob Smith, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀mùtí, rí nìyẹn ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, tí wọ́n fi dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣiyèméjì. Ní 2020, àjọ Cochrane kó ìwádìí 27 jọ, lórí ènìyàn tó lé ní 10,000: ìtọ́jú tó ń darí aláìsàn sínú ẹgbẹ́ yìí mú kí àwọn tó pọ̀ sí i yàgò fún ọtí pátápátá ju ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e lọ.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé kí gbogbo ìlú wá mọ̀ pé ọ̀mùtí ni mí?” Ìlú ti mọ̀ tipẹ́, ẹni tó ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n lójú títì kò ní àṣírí mọ́. Síbẹ̀, òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kì í jáde. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bani, Àkúrẹ́ sí Òǹdó kò jìnnà: bí ẹgbẹ́ bá wà níbẹ̀, ará Àkúrẹ́ lè máa lọ sí ìpàdé ní Òǹdó, kí ará Òǹdó wá sí Àkúrẹ́. Àwọn tó ní àdúrà ti tó ni ọ̀rọ̀ wọn lágbára jù, n kò sì ní kí wọ́n dákẹ́ àdúrà. Àní, ẹgbẹ́ náà gan-an ń ké pe Ọlọ́run, bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Àmọ́ ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn dá jẹ́ lórí eékún kò ní ẹni tó máa béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé níbi ìnáwó. Ẹgbẹ́ máa béèrè.

Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó wà nítòsí lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó tú yín sílẹ̀, tàbí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ènìyàn méjì tó fẹ́ jáwọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí bá yá wọn, lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sá fún ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó ńlá, tí wọ́n ń ta oògùn, tàbí tí wọ́n ń na ènìyàn. Ní 2019, Human Rights Watch kọ ọ́ síta pé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn ọpọlọ ní oríṣiríṣi ibi ìtọ́jú ní Nàìjíríà, àti ilé ìjọsìn pàápàá. Bí ọ̀mùtí bá sì kọ̀ jálẹ̀, ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ lè kọ́kọ́ lọ bá dókítà fúnra wọn, kí wọ́n sì wá àwọn ìdílé mìíràn tí ọ̀ràn yìí wà nílé wọn. Látọdún 1951 ni ẹgbẹ́ Al-Anon ti wà fún irú wọn, kò sì pọn dandan kí ọ̀mùtí jáwọ́ kí wọ́n tó wọlé.