Ọmọ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ó Gbó
Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, ọmọ ọdún 18 ni David Clyde, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ní Texas. Nínú baseball, eré bọ́ọ̀lù onígi ti Amẹ́ríkà, òun ni ó ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ Rangers gbé e jáde láàárín àwọn àgbà. Ènìyàn tó lé ní 35,000 wá wò ó, ó sì borí. Ìpinnu ni pé lẹ́yìn ìdíje méjì, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà dùn mọ́ olówó ẹgbẹ́, kò jẹ́ kí ó lọ. (Àwa náà tí à ń pe ọmọ ilé-ìwé kékeré ní dókítà lójú àlejò ńkọ́?) Ní 1976, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léjìká. Ní 1979, eré rẹ̀ láàárín àwọn àgbà parí: ó borí nígbà 18, ó pàdánù nígbà 33. Ọmọ ọdún 24 ni.