Òkú Ẹ́ńjìnnì Náà Nílò Afẹ́fẹ́

Nígbà mìíràn ọkọ̀ ojú irin a máa wọ́ ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú lọ sí ibi àtúnṣe. Irin tí ó lè wúwo ju 100 tọ́ọ̀nù lọ ni. Bí dírẹ́bà iwájú bá fẹ́ dúró, kí ni yóò dá òkú ẹrù yìí dúró?

Ní 1869, George Westinghouse ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì afẹ́fẹ́. Èyí tí ó tún ṣe lẹ́yìn náà ni ó tàn káàkiri. Páìpù kan gba abẹ́ gbogbo ọkọ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, bíréèkì á tú sílẹ̀. Bí dírẹ́bà bá jẹ́ kí díẹ̀ jáde, fáàfù abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á mọ̀, á sì fi afẹ́fẹ́ inú táńkì ọkọ̀ náà di táyà mú. Bí ọkọ̀ bá já sí méjì, apá méjèèjì á dúró fúnra wọn.

Ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ díẹ̀. Pọ́ǹpù tirẹ̀ ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún táńkì ńlá tí bíréèkì rẹ̀ ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pọ́ǹpù kú nìyẹn. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ohun méjì kí wọ́n tó wọ́ ọ. Wọ́n á ti ojú bíréèkì dírẹ́bà inú rẹ̀ pa, kí ó má baà bá ti iwájú jà. Wọ́n á sì ṣí ihò tín-ín-rín kan, tí afẹ́fẹ́ páìpù yóò máa gbà wọ táńkì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí ń wọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ní bíréèkì.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa jò. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé táyà tí a fẹ́ lónìí lè rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi bíréèkì ọwọ́, tí agbára apá ni a fi ń dì í, kún un nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n dá ọkọ̀ kan tí ó fa táńkì epo rọ̀bì 72 dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Nantes, ní Quebec, ilẹ̀ Kánádà. Nínú ẹ́ńjìnnì márùn-ún rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́. Dírẹ́bà di bíréèkì ọwọ́ méje, ó sì dán wọn wò, ṣùgbọ́n kò tú bíréèkì afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó mú ọkọ̀ dúró. Òun rò pé bíréèkì ọwọ́ ni. Lẹ́yìn èyí iná ràn mọ́ ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́, àwọn panápaná sì pa á. Pọ́ǹpù dákẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò. Ní nǹkan bí aago kan òru, ọkọ̀ náà yọ̀, ó já wọ ìlú Lac-Mégantic, epo sì gbiná. Ènìyàn 47 ni ó kú. Àwọn olùwádìí ní ó kéré tán bíréèkì ọwọ́ 17 ni ó yẹ kí wọ́n dì.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan lè dá dúró, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọwọ́ èkejì tí ó ń gbé e ró kúrò. Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó.