Ìjọba Ìbílẹ̀ Lè Dín Èéfín Ọkọ̀ Kù

Ènìyàn lè fara da ebi di ọjọ́ kejì. Ó lè fara da òùngbẹ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ni ó lè di imú àti ẹnu rẹ̀ títí a ó fi ka ẹ̀kọ́ yìí tán? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fi kan gbogbo wa.

Ẹ wo òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì láàárọ̀, láti Ìyànà Ìbà dé Okokomaiko. Dánfó, ọkọ̀ akẹ́rù, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà a máa tò gbọọrọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dákẹ́. Epo ń jó, èéfín ń jáde, àwọn ọmọ tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé sì ń fà á símú. Eérú tíntìntín tí ojú kò lè rí wà nínú èéfín náà. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa ikọ́ àti àìsàn ọkàn. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ búburú pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn ní Èkó ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yìí ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ni ó ni òpópónà náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó sì ń ṣe ọ̀nà ojú irin. Òótọ́ ni. Reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ìlànà rẹ̀ ni pé yóò dé Okokomaiko. Ṣùgbọ́n ṣé kí a máa fa èéfín símú títí di ìgbà náà? Lérò tèmi, rárá o. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi gáréèjì, ọjà, títì àdúgbò àti gọ́tà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà lè fi dín èéfín kù.

Èkíní, kí wọ́n ṣe gáréèjì tí ó láàyè, kí dánfó má baà máa dúró pe èrò láàárín títì. Kí awakọ̀ tí ń dúró de èrò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èyí kò pa awakọ̀ lára: epo tí kò jó, owó ni lápò rẹ̀. Èkejì, kí wọ́n dí kòtò ojú títì àdúgbò, kí wọ́n sì la gọ́tà, kí ọkọ̀ lè máa lọ geere. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ìsọ̀ ọjà má sì dí i. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà rìn kò ní wọ ọ̀kadà lọ sí ibi tí kò jìnnà. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n gbin igi sí àárín títì àti ilé-ìwé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, dídìbò ni a fi ń yan alága ìjọba ìbílẹ̀. Ó yẹ kí ó gbọ́ ohùn ará ìlú, ti ọmọdé náà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín ràn yín lọ́wọ́ láti kọ lẹ́tà sí i. Ẹnu tí a bá pa mọ́ kò lè tọrọ afẹ́fẹ́ tó mọ́.