Àmì Mélòó Ló Tó?



Bí àpò aṣọ bá sọnù ní ìdíkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, tí a wá rí ẹnì kan ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tí àwọ̀ àpò rẹ̀, okùn rẹ̀ àti ìdì rẹ̀ jọ ti èyí tó sọnù, kíá ni ariwo “Olè!” ti sọ. Àmì mẹ́ta jọra. Ṣé ó tó?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti yẹ irú ìbéèrè yìí wò. Ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta: a da nǹkan sí i, nǹkan mìíràn jáde. Irú èyí wà tí ń gba nọ́ńbà, tí ń fi nọ́ńbà jáde. Kò sí nọ́ńbà tí ó kọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ geere. Entire function ni wọ́n ń pè é. A ní méjì jọ ní àmì 1, bí ohunkóhun tó mú 1 jáde nínú èkíní bá ń mú un jáde nínú èkejì, tí èyí tó mú un jáde nínú èkejì náà sì ń mú un jáde nínú èkíní.

Ní 1926, Rolf Nevanlinna, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì, fi hàn pé bí méjì bá jọ ní àmì 4, ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà rárá. Àmì 3 kò tó. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ e, nọ́ńbà tó lé díẹ̀ ní 2.7. Ẹ gbé e sí agbára z, ẹ tún gbé e sí agbára −z. Wọ́n jọ ní 1 àti −1. Kò sì sí èyí tó ń mú 0 jáde láé, nítorí náà wọ́n jọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ẹ fi 1 sí ipò z: èkíní á lé ní 2.7, èkejì kò ní tó 0.4.

Ní 1976, Fred Gross béèrè bóyá a lè kó àmì jọ sínú agbọ̀n kan ṣoṣo, láìbéèrè èwo ni ti èwo, kí agbọ̀n náà sì tó láti dá ẹ̀rọ mọ̀. Ní 1995, Hong-Xun Yi, ará Ṣáínà, mú agbọ̀n alámì 7 wá tó ṣe é, bí a bá ka iye ìgbà tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe méje kéje. Agbọ̀n 0, 1, −1, 2, −2, 3, −3 kò lè ya ẹ̀rọ kan kúrò lára èyí tó kàn ń sọ ìdáhùn rẹ̀ di òdì.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: iye àmì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n irú àmì ló jù. Àwọ̀ àti okùn, ọjà kan náà ni gbogbo wa ti ń rà á. Ẹ béèrè ohun tí ẹni tó ni àpò nìkan lè mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ìdáhùn ọmọ méjì bá jọra, kí ẹ tó mú ẹgba, ẹ wo àṣìṣe wọn. Gbogbo ọmọ tó mọ̀wé ni ìdáhùn tó tọ̀nà wọn ń jọra. Àṣìṣe àrà ọ̀tọ̀ kan náà ló ń sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.