Okùn Tuntun Lè Sin Ẹ̀rọ Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, àkísà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni terminal, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ní ojú dígí àti bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń bá a ronú. Irú rẹ̀ ni VT100 tí ilé iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1978, àti VT220 ti 1983.

Àwọn kan ń sọ pé kò sí ibi tí a óò so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé okùn nẹ́tíwọ̀kì ni a ń tẹ́ sínú ògiri lóde òní. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Okùn náà gan-an lè sìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà RS-232 ni àwọn terminal wọ̀nyí fi ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ní ihò tàbí ẹsẹ̀ 25, wáyà 3 lè tó o: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí ń lọ, ọ̀kan fún èyí tí ń bọ̀, àti wáyà ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Okùn Cat 5 ní wáyà 8 nínú. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Kí a ṣáà rí i pé ẹnu ọ̀kan dojú kọ etí èkejì: wáyà tí terminal fi ń sọ̀rọ̀ gbọdọ̀ já sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gbọ́rọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux ṣì lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Pé ẹnu okùn wọ ihò kò sọ pé èdè wọn dọ́gba. Iná RS-232 lè tó volt 15. A kò ṣe ihò nẹ́tíwọ̀kì fún un, ó sì lè bà á jẹ́. Nítorí náà, kí a yọ okùn náà kúrò lára àpótí nẹ́tíwọ̀kì pátápátá, kí a fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ sí i, kí a sì kọ orúkọ sí orí rẹ̀ méjèèjì.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni èrè rẹ̀? Lóòótọ́, VT220 kò lè fi àwòrán fídíò hàn wá. Ṣùgbọ́n nínú íntánẹ́ẹ̀tì, ohun gbogbo ni a ti dì mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó láìmọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Lórí wáyà 3 yìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìka dé ojú dígí. Ẹni tí kò mọ inú ẹ̀rọ, oníbàárà ni yóò máa jẹ́ títí ayé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí irú ẹ̀rọ yìí bá ṣì wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀, kí ó yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó lu ìyókù ní gbàǹjo. Ẹ má jẹ́ kí a ta ọgbọ́n pọ̀ mọ́ irin.