Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń kàwé ní Warri níbí, ọ̀rọ̀ eyín ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Bí eyín bá ti ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń sọ fún dókítà ni pé, "Ẹ bá mi yọ ọ́ dànù."

Àwọn kan ń bẹ̀rù owó. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ìrora. Wọ́n ti gbọ́ nípa root canal, ìyẹn ni pé kí dókítà lu eyín, kí ó kó ohun tó ti bàjẹ́ kúrò nínú gbòǹgbò rẹ̀, kí ó fọ ihò náà, kí ó sì dí i. Wọ́n ní oró rẹ̀ a máa mú ni fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Òótọ́ ni. Irin àti oògùn apakòkòrò lè bí ẹran ara ìdí gbòǹgbò nínú, kí ibẹ̀ sì wú.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà. Ní ọdún 2015, Jorge Vera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá fi omi iyọ̀ tó tutù dé 2.5°C fọ inú gbòǹgbò eyín fún ìṣẹ́jú 5, ara gbòǹgbò náà lóde yóò tutù sí i ní ohun tó lé ní 10°C. Ní ọdún 2018, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, ìrora ẹ̀yìn ìtọ́jú sì dín kù. Ṣé bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹsẹ̀ rọ́, yìnyín kọ́ ni wọ́n ń gbé lé e? Òtútù a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, kí wíwú sì dín kù.

Ohun tó wù wá jù ni pé kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Omi iyọ̀ kì í wọ́n nílé ìwòsàn. Ẹnìkan lè ní, "Iná dà ní Warri?" Ilé ìwòsàn tí kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára bàjẹ́ kò ní ṣàì rí ọ̀nà mú ìgò omi kan tutù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. Mímu omi dídì nílé kì í wo eyín tó ti jẹrà. Omi tútù náà kò lè rọ́pò fífọ gbòǹgbò dáadáa. Ó kàn ń dín ìrora kù ni.

Nítorí náà, ohun méjì la ń béèrè. Kí àwọn dókítà eyín ní Warri àti Effurun fi ọgbọ́n yìí kún iṣẹ́ wọn. Kí ẹ̀yin náà tètè lọ bá wọn, kí ẹ sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé eyín yìí ṣeé gbà là? Ṣé ẹ lè fi omi tútù fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?" Ọmọ ogún ọdún tó ń yọ eyín ìjẹun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni yóò fi jẹ ẹran inú ọbẹ̀ banga nígbà tó bá dàgbà? Bí eyín àgbà bá ti bọ́, kì í hù mọ́.