Ojú Ewé Ìdílé: Iyèré Ọbẹ̀ Kọ́ ni Oògùn SS



Àwọn ìyá tí ń ra iyèré àti kànáfùrù ní ọjà Arzèkè ń bi wá bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí à ń pè ní SS. Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí.

Lọ́wọ́ Ẹni Ọ̀wọ̀ Ògúnyalé ní Nàìjíríà ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Àbújá ti gba àgbo kan, tí wọ́n sọ di Niprisan. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é: hóró iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 82, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2001. Ìrora tí í dá wọn dùbúlẹ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n kò mú àrùn náà kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹ̀jẹ̀ kún ara. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gbé e jáde ní 2006 ní orúkọ Nicosan. Nígbà tí ó di 2008, gbèsè wó ilé iṣẹ́ náà.

Ẹ kíyè sí i: nǹkan mẹ́rin ni, a sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ó bá po iyèré sínú ẹ̀kọ ọmọ, tí ó wá da oògùn dókítà nù, ẹ̀mí ọmọ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Ibà lásán lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo Kútọnù níhìn-ín. Ní 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ọmọ 236 tí wọ́n tọ́jú. Wọ́n kọ́ àwọn òbí lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n mójú tó oúnjẹ, wọ́n dènà ibà àti àkóràn. Ara àwọn ọmọ náà sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó wá bá Fádà. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin kí ọmọ jẹ́ SS. Bí AS bá sì fẹ́ AC, ọmọ lè jẹ́ SC, àìsàn kan náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fojú tì. Ọmọ yín kì í ṣe àbíkú, ẹ̀yin náà kò ṣẹ̀. Ẹ fi iyèré se ọbẹ̀ yín kí ẹ jẹ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú, kí ẹ má sì pa ọjọ́ ilé ìwòsàn jẹ.

Kí Màríà Ìyá wa máa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ọmọ wa. Àmín.